Ẹjọ́ apá kan ni fóònù ń gbọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin já wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Òkè-Àró, ojú rẹ̀ ti wú. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti jà. Kí n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti na fóònù sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ohun tí AI sọ."

Ẹ̀rọ tó ń fèsì ọ̀rọ̀ lórí fóònù ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo kà á. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ó ní kò burú bó ṣe bínú, ó ní ọkọ rẹ̀ ò kà á sí, ó tiẹ̀ ní bóyá kó kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé o sọ fún un pé owó àjọ ọkọ rẹ lo fi ra aṣọ ẹbí láìjẹ́ kó mọ̀?" Ó dákẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ìyá wa bá fẹ́ parí ìjà tọkọtaya, á kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọkọ. Bí ọkọ ò bá tíì dé, ẹ lọ jẹun, kò sí ìdájọ́. Ta ni fóònù máa rán?

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Ní 1966, Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ròyìn ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA. Kò mọ̀ ju kó yí ọ̀rọ̀ ẹni padà sí ìbéèrè lọ. Síbẹ̀, akọ̀wé rẹ̀, tó mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ni, ní kó jọ̀ọ́ bọ́ síta kí òun lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bà á lẹ́rù débi pé òun tó ṣe é ló padà ń kìlọ̀ fáráyé.

Mi ò ní purọ́, mo mọ ohun tó ń gbé wọn débẹ̀. Ní aago méjì òru, ta lo fẹ́ jí? Àwọn kan sọ tiwọn fún pásítọ̀, ó di àpèjúwe nínú ìwàásù Sọ́ńdè. Fóònù kì í ṣòfófó dé Ọjà Ọba. Àmọ́ Sam Altman, ọ̀gá OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ AI tí wọ́n ń pè ní ChatGPT, fẹnu ara rẹ̀ sọ ní 2025 pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ChatGPT sọ ò ní irú ààbò tí òfin fún ọ̀rọ̀ àárín aláìsàn àti dókítà. Ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n kó o jáde. Gbèsè ọkọ àbúrò mi wà nínú ohun tó tẹ̀ ránṣẹ́, àìsàn rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ta ló tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo ní kí àbúrò mi pe ọkọ rẹ̀. Ó dé nírọ̀lẹ́. Kó tó jókòó, ó ti na fóònù tirẹ̀ náà sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ohun tó sọ." Ẹ̀rọ kan náà ló sọ fún ọkọ pé òun ló jàre.

Mo gba fóònù méjèèjì, mo tì wọ́n mọ́ inú àpótí òwú mi.