Abẹ́rẹ́ oorun kì í lò ju ìṣẹ́jú 10 lọ: ta ló wá ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí àwa dókítà akunilóorun, tí a ń mú aláìsàn sùn fún iṣẹ́ abẹ. A wọlé, a kí wọn, a bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n jẹun kẹ́yìn, a gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n sùn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa lajú, wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́ tán, oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì ń bèèrè kí wọ́n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu aláìsàn àti ẹbí ti wá, kódà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń wá ẹ̀ka tí yóò yàn: pé dókítà akunilóorun kò ní iṣẹ́ ju kó gúnni lábẹ́rẹ́ lọ, bí aláìsàn bá ti sùn, ó di kó jókòó. Àwọn kan tiẹ̀ ń bi mí pé ìgbà wo ni màá di dókítà gidi.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, abẹ́rẹ́ náà gan-an ló sì máa jẹ́rìí. Propofol ni oògùn tí a sábà máa ń lò, òun ló funfun bíi mílíìkì yẹn. Tí a bá gún un lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 5 sí 10 péré ni agbára rẹ̀ fi ń wà lára. Iṣẹ́ abẹ sì lè gba wákàtí 4. Ta ló mú aláìsàn sùn ní gbogbo àkókò tó kù?

Ẹni tó dúró níbi orí rẹ̀ ni. Ó ń fún un ní afẹ́fẹ́ oògùn fà símú, tàbí kó máa jẹ́ kí oògùn wọ inú iṣan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi kún un kí ọ̀bẹ tó kan ibi tó máa ń dunni jù, ó ń dín in kù bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ń lọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ìtọ̀ tó ń jáde, bí ara ṣe gbóná tó, ìlù ọkàn, gbogbo rẹ̀ ló ń kà.

Ọ̀rọ̀ "oorun" pàápàá ló ń ṣì wá lọ́nà. Ẹni tó sùn, tí a bá fi abẹ́rẹ́ gún un, á fò dìde. Ẹni tí a kùn lóorun kò ní mọ̀ pé ọ̀bẹ kan òun, ọ̀fun rẹ̀ á dẹ̀, ahọ́n lè ṣubú sẹ́yìn dí ọ̀nà èémí. Lọ́pọ̀ ìgbà a tún máa ń fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí àwọn iṣan tí a fi ń mira ṣiṣẹ́, títí kan èyí tó fi ń mí. Láti ìgbà yẹn lọ, èémí rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bo imú àti ẹnu yín kí ẹ kọ́kọ́ mí ọ́síjìn dáadáa. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún fún ọ́síjìn, lè fara da àìmí fún bí ìṣẹ́jú 8 kí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó já wálẹ̀ dé ibi tó léwu. Láìsí ìyẹn, bí ìṣẹ́jú kan ló ní. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀pá gbọ́dọ̀ ti wọ ọ̀nà èémí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí fún un. Bí ọ̀fun bá há ńkọ́? Bí ọ̀pá bá kọ̀ tí kò wọlé ńkọ́? Nítorí ìṣẹ́jú bíi mélòó kan wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 4 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún 4 mìíràn ni èèyàn máa fi kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà tó ti gboyè á kọ́kọ́ ṣe ọdún 2 káàkiri ẹ̀ka, kó tó wọ ẹ̀kọ́ ìkunilóorun tó máa gbà á ní ọdún 7. Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà tó kúrú ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un. Ó máa kọ́ bí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, bí oògùn ṣe ń rìn lára, àti ìmọ̀ físíìsì, nítorí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ ní òfin tó ń tẹ̀ lé.

Àwọn tó ní kò sí ìtẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa Virginia Apgar. Iṣẹ́ abẹ ni obìnrin ará Amẹ́ríkà yìí kọ́kọ́ ń kọ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbà á nímọ̀ràn pé kó yà sí ìkunilóorun. Ní 1949 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Columbia. Ní 1952 ó gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n fi ń wo ọmọ tuntun jòjòló: àwọ̀ ara, ìlù ọkàn, èémí, okun iṣan, àti bó ṣe ń fèsì tí a bá fọwọ́ kàn án. Títí dòní ni wọ́n ń lò ó.

Ọdún yẹn kan náà ni àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Copenhagen, olú ìlú Denmark. Àìlèmí ló ń pa àwọn èèyàn. Akunilóorun kan, Bjørn Ibsen, ló sọ pé ohun tí àwọn ń ṣe ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n ṣe fún wọn: kí wọ́n dá ihò sí ọ̀fun, kí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ẹnì kan máa fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn, tọ̀sán-tòru. Ikú dín kù gan-an. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le koko ti jáde, ọ̀pọ̀ akunilóorun ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí. Àwọn mìíràn gbájú mọ́ iṣẹ́ abẹ ọkàn, àwọn ọmọdé, àwọn aláboyún, tàbí ìrora tí kò lọ bọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tó mú kí irọ́ náà, pé abẹ́rẹ́ nìkan ni iṣẹ́ wa, pẹ́ nílẹ̀. Lára oògùn tí a ń fúnni kí ọkàn lè balẹ̀, àwọn kan ń pa ìrántí rẹ́. Ẹ lè ti bá wa sọ̀rọ̀ pẹ́ títí kí ẹ má rántí rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, nígbà tí akunilóorun bá wá sọ́dọ̀ yín kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a lóhùn dáadáa. Ẹ sọ oògùn tí ẹ ń lò, eyín tó ń mì, bí ẹ bá ń han-anrun, àti bí ará ilé yín kan bá ti ní ìṣòro rí nígbà tí wọ́n kùn ún lóorun. Bí ẹ bá sì ti jẹ ohunkóhun láàárín wákàtí 6, ẹ má fi pa mọ́ nítorí kí wọ́n má baà sún iṣẹ́ abẹ síwájú: nígbà tí ọ̀fun bá dẹ̀, oúnjẹ yẹn lè gòkè wá, kó sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.