Ojú ọ̀run tó mọ́ kò ní kí àgbàrá má dé

Ní Sátidé tó kọjá, a jókòó sínú bọ́ọ̀sì l'Ákúrẹ́, à ń retí èrò méjì tó kù ká tó gbéra lọ gun Òkè Ìdànrè. Àwa mẹ́jọ la jọ máa ń rìn báyìí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo wá fi fídíò kan hàn wọ́n, èyí tí àbúrò mi tó wà ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, fi ránṣẹ́. Òun náà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń rìn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń gba ojú àgbàrá gbígbẹ kan nínú aṣálẹ̀. Yanrìn nìkan ló wà nílẹ̀, títí wọ́n fi wọ àárín àpáta gíga méjì tó há débi pé bí èèyàn bá na apá, ọwọ́ á kan tọ̀tún tòsì. Lókè orí wọn, ìtì igi ńlá kan há sáàárín àpáta méjèèjì. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín nínú fídíò náà pé ta ló gbé igi yẹn lọ síbẹ̀.

Mo ní ẹ̀rù omi ń bà mí fún ọmọ náà. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló dá mi lóhùn: "Omi kẹ̀? Nínú aṣálẹ̀?" Bàbá tó máa wà wá lọ náà dá sí i: "Ọmọ mi, òùngbẹ ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Sọ fún un kó gbé omi mímu dání. Ṣé o ò rí i bí ojú ọ̀run ṣe mọ́ ni?"

Òùngbẹ ń pani lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tó mọ́ lókè orí ẹni kò sọ nǹkan kan nípa omi tó ń bọ̀. Omi tó ń pa èèyàn lójú àgbàrá kì í sábà jẹ́ òjò tó rọ̀ sí i lórí. Òjò tó rọ̀ sí ọ̀nà jíjìn ni, níbi tí omi ti ń ṣàn wá.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997, omi gbá arìnrìn-àjò 11 lọ nínú Antelope Canyon, àárín àpáta tóóró kan ní Arizona yìí kan náà. Òjò tó rọ̀ síbi tí wọ́n wà kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ máìlì lókè wọn ni òjò ńlá ti rọ̀, tí omi kóra jọ, tó sì gba àárín àpáta tóóró náà wá bá wọn. Ẹni tó mú díẹ̀ nínú wọn wọlé nìkan ló yè. Àkàbà onígi tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ nígbà náà bá omi lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tí àwọn Navajo, tó ni ilẹ̀ náà, ń pe apá òkè rẹ̀ ti sọ ọ́ tán: ibi tí omi ti ń gba àárín àpáta kọjá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, èèyàn 7 tí wọ́n jọ jáde tún kú sínú Keyhole Canyon, ní ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Zion, ní ìpínlẹ̀ Utah. Kò sẹ́ni tó yè nínú wọn.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ará Akúrẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, à ń fọṣọ létí Odò Ala lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ń ràn. Ìyá mi àgbà kàn gbójú sókè, wọ́n ní ká kó aṣọ wa kíá. Omi náà ti ń pọ́n, ewé àti ẹ̀ka igi ti ń bá a bọ̀. Ká tó gun bèbè tán, omi ti bo òkúta tá a fi ń fọṣọ. Ẹ̀kán òjò kan ò kán sí wa lára.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni ti ilẹ̀. Wọ́n rò pé ilẹ̀ tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ á mu omi àmuyó. Ẹni tó bá dàgbà sínú oko kòkó mọ ilẹ̀ tó ń mu omi: ewé tó jábọ́ lé ara wọn, erùpẹ̀ rírọ̀, gbòǹgbò, ihò ekòló. Òjò lè rọ̀ fún wákàtí kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ á máa rì, ṣùgbọ́n omi kò ní sáré. Ẹ wá wo Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ òjò. Àpáta kò mu nǹkan kan. Bí omi ṣe ń bọ́ lé e ló ń sáré sọ̀kalẹ̀, a sì máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ ká tó rí i. Àpáta yìí ni ilẹ̀ aṣálẹ̀ fi jọ, kì í ṣe oko kòkó. Oòrùn ti yan án le, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta, koríko tó máa dá omi dúró kò sì tó nǹkan. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, Arizona ní àsìkò òjò àti àrá tirẹ̀, ó sì lè dà lọ́sàn-án kan bí ìgbà tí wọ́n bá yí ìkòkò omi dànù. Gbogbo omi yẹn á wá ọ̀nà. Ọ̀nà náà ni ojú àgbàrá tí àwọn èèyàn ń rìn. Àbí kí ni wọ́n rò pé ó gbẹ́ ẹ?

Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ní bí òun bá gbọ́ ìró omi, òun á sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé e. Omi tó ń sáré, tí kò jìn ju ínǹṣì 6 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé agbede ojúgun. Ti aṣálẹ̀ tún ń kó ẹrẹ̀, òkúta àti ìtì igi bọ̀. Níbi tí àpáta ti dúró lọ́tùn-ún lósì, ibo lẹ fẹ́ sá gbà? Bí àyè bá wà láti gun òkè, ẹ ju báàgì sílẹ̀ kẹ́ ẹ gùn, ẹ má bá omi sáré lọ síwájú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó wọbẹ̀ rárá ló yẹ kó ti béèrè pé níbo ni omi ọ̀nà yìí ti ń wá, kí sì ni ìròyìn ojú ọjọ́ sọ nípa ibẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pàgọ́ sùn sórí yanrìn ojú àgbàrá, bó ti wù kó tẹ́jú tó.

Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ọmọ tó kéré jù nínú wa gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó dá fídíò náà dúró níbi ìtì igi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí èèyàn mẹ́ta bá gun èjìká ara wọn, ọwọ́ ẹni òkè ò ní kan igi yìí." Bàbá nawọ́ sẹ́yìn gba fóònù, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ pe àbúrò mi.