Kí Á Tó Jà Lórí Ṣàríà, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Inú Ìwé Ìgbìmọ̀

Oṣù kìíní ọdún 2025 kò ní kúrò lọ́kàn wa bọ̀rọ̀. Ìkéde kan jáde ní ìlú Ọ̀yọ́ pé wọn yóò ṣí ilé ẹjọ́ Ṣàríà ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ariwo ọjà. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sìn gba ilẹ̀ Oòduà mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní ohun tí ìwé òfin Nàìjíríà bá wí ni òun yóò dì mú. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ náà sún un síwájú, wọ́n sì ṣàlàyé pé ìgbìmọ̀ onílàjà ni àwọn ní lọ́kàn, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Èyí kò tíì tutù tí ti Adó-Èkìtì fi bẹ́ sílẹ̀: ìgbìmọ̀ kan jókòó nínú mọ́ṣáláṣí, Èwí, ọba ìlú náà, ní kí wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Nínú gbogbo ariwo náà, ìbéèrè kan wà tí a fetí sílẹ̀ fún tí a kò gbọ́. Ta ló ń gbé ẹjọ́ lọ síwájú àwọn ìgbìmọ̀ yìí? Kí ni wọ́n ń bá lọ, kí sì ni wọ́n ń gbà bọ̀? Ìgbìmọ̀ Ṣàríà ti Ìbàdàn ti ń jókòó fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti dàgbà, àwọn míì nínú wọn ti so yìgì. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti kọ̀wé lórí ìtàn rẹ̀ àti ohun tí òfin wí nípa rẹ̀, àmọ́ àkọsílẹ̀ ẹjọ́ fúnra rẹ̀, èyí tí akọ̀wé ń fi ọwọ́ kọ, kò tíì sí níwájú ará ìlú. A ń jà lórí ilé tí a kò tíì wọ̀.

A jókòó níbi ogún pípín kan ní Ìbàdàn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, wọ́n ṣì ń fọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Àfáà jókòó lórí ẹní, ó ń fi báírò kọ ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìpè òkú: ilé kan, ilẹ̀ méjì, ọkọ̀ kan, ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jà. Àwọn opó méjì wà nínú yàrá, wọ́n ń ṣe tákàbà. Ẹ̀gbọ́n olóògbé dìde, ó ní ẹbí ti parí ọ̀rọ̀, ìdí-igi ni àwọn yóò fi pín in, ìyẹn ìpín kan náà fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, iye yòówù kí wọ́n jẹ́. Àfáà bi í pé Kùránì ńkọ́. Ó dáhùn pé, “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, Kùránì wà nílé, òfin baba wa náà wà nílé.” Kò sí ẹni tó lọ bi àwọn opó. Ọ̀kan nínú wọn ló ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn látọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì ní owó àjọ òun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí àfáà ka ṣọ́ọ̀bù mọ́ ohun ìní olóògbé, a gbọ́ tí opó náà wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ìdí-igi tí ẹ̀gbọ́n yẹn dárúkọ ní ìtàn nílé ẹjọ́. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ dúkìá rẹ̀ ní orí-ó-jorí ló bá ayé òde òní mu, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ dà á nù. Ẹjọ́ náà rin ìrìn àjò dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Ẹ wo orúkọ olóògbé náà dáadáa: orúkọ Mùsùlùmí ni, òfin ìbílẹ̀ ni wọ́n sì fi pín ogún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é kí ó lè yé wa. Ká ní ọkùnrin kan kú lónìí, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin mẹ́rin, àwọn òbí rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ká ní ohun tó kù lẹ́yìn gbèsè jẹ́ mílíọ̀nù 32 náírà. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, mílíọ̀nù mẹ́jọ ni ti ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó dá wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ yóò dá mílíọ̀nù mẹ́jọ gbà, ìbáà jẹ́ obìnrin. Àwọn mẹ́ta tó jẹ́ ọmọ ìyá kan yóò jọ pín iye kan náà. Bí ó bá jẹ́ orí-ó-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ àti díẹ̀. Àwọn ìyàwó ńkọ́? Kò sí nǹkan. Ní 1957 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ.

Bí a bá wá gbé e lé orí ẹsẹ 11 àti 12 nínú Súrà An-Nisáì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwọn ìyàwó, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rin, mílíọ̀nù kan fún opó kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 28 tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ: mílíọ̀nù mẹ́rin fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, méjì fún obìnrin kọ̀ọ̀kan.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe obìnrin dáadáa? Opó rí nínú Ṣàríà ohun tí àṣà kò fún un. Ọmọbìnrin pàdánù nínú Ṣàríà ohun tí àṣà ìbá fún un. Ìyá àti ọmọ lè jókòó nínú pálọ̀ kan náà kí ohun tó ṣe ọ̀kan láǹfààní jẹ́ ohun tó du èkejì. Ẹni tó bá sọ pé Ṣàríà ń fìyà jẹ obìnrin kò tíì ṣe ìṣirò yìí. Ẹni tó bá sì ní kò sí ohun tó ń dun obìnrin nínú rẹ̀, kó lọ bi àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin náà. Ohun tí a nílò ni kí a mọ bí ó ti ń rí ní tòótọ́. Ṣé mílíọ̀nù kan ti opó yẹn ń dé ọwọ́ rẹ̀, àbí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ ti “bá a tọ́jú” rẹ̀?

Ìgbéyàwó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tí wọ́n so yìgì fún lè lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, kí adájọ́ sì tú wọn ká láàárín oṣù mélòó kan. Yóò gbé ìwé kóòtù délé, àfáà àdúgbò yóò sọ fún un pé aya ọkọ rẹ̀ ló ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kò lè fẹ́ ẹlòmíràn kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọkọ tirẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó kejì, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú àwọn obìnrin báyìí ni ìlú Gẹ̀ẹ́sì rí nígbà tí wọ́n pinnu láti wádìí kí wọ́n tó pariwo. Ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Mona Siddiqui ní 2016, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018. Ó lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lọ sí ìgbìmọ̀ Ṣàríà níbẹ̀ tó jẹ́ obìnrin tó ń wá ìkọ̀sílẹ̀. Púpọ̀ wọn ni kò forúkọ ìgbéyàwó wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba rí, ìyẹn ni òfin ilẹ̀ náà kò fi rí ohun tí yóò bá wọn ṣe. Àbọ̀ ìwádìí náà dámọ̀ràn pé kí ìforúkọsílẹ̀ máa bá yìgì rìn. Àwọn ọmọ wa tó ń so yìgì ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ìlò òfin méjì lórí ìgbéyàwó kan kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òde òní fún Yorùbá. Ní 1900, ilé ẹjọ́ ní Èkó gbọ́ ẹjọ́ Asiata àti Goncallo. Ọmọ Yorùbá kan, Mùsùlùmí, ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì. Ó fẹ́ obìnrin kan níbẹ̀, wọ́n so yìgì, wọ́n tún ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó padà sí Èkó, ó tún so yìgì pẹ̀lú ẹlòmíràn. Nígbà tó kú, Asiata tó jẹ́ ọmọ ìyàwó ti Èkó ní òun náà ní ìpín, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún.

Ìdúró wa rèé. Kí àwọn ìgbìmọ̀ náà máa bá iṣẹ́ wọn lọ, gẹ́gẹ́ bí onílàjà, láàárín Mùsùlùmí tó bá fínnúfíndọ̀ wá. A mọ ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará wa Onígbàgbọ́, kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ Zamfara bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ṣàríà dá ẹjọ́ ọ̀daràn ní 2000. Wọ́n rántí Amina Lawal, ẹni tí wọ́n dájọ́ sísọ lókùúta fún kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣàríà ti Kàtsínà tó dá a sílẹ̀ ní 2003. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀daràn kọ́ ni àwọn ìgbìmọ̀ yìí ń gbọ́. Ìwé òfin 1999 fúnra rẹ̀, ní abala 275 sí 277, gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láyè láti ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣàríà fún ìgbéyàwó, ìtọ́jú ọmọ, ogún àti irú wọn. Ìlọrin ní tirẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí náà, a ní ọ̀rọ̀ fún yín, ẹ má bínú. Ẹ ń tẹnu mọ́ ọn pé tìfẹ́-tìfẹ́ ni ènìyàn ń wá. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀, àna rẹ̀ àti lèmọ́mù àdúgbò jọ ní kó wá, ṣé ìfẹ́ inú ara rẹ̀ nìyẹn? Kí ẹnìkan tí kì í ṣe ẹbí ọkọ jókòó tì í, kó ṣàlàyé fún un pé ó lè kọ̀, kó tó tẹ̀ka sí ohunkóhun. Kí obìnrin tó mọ̀wé wà lórí ìjókòó ìgbìmọ̀. FOMWAN, àjọ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí ní Nàìjíríà, ti wà láti 1985, wọn kò ṣàìní àwọn tó tó bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti òfin ní yunifásítì Ìbàdàn àti Ìlọrin gba àyè láti ka àkọsílẹ̀ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ ènìyàn kúrò, kí wọ́n sì tẹ iye rẹ̀ jáde ní Yorùbá: mélòó ni opó, mélòó ló gba ìpín rẹ̀, mélòó ló tún padà sí kóòtù. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe bákan náà fún kóòtù ìbílẹ̀, torí ẹjọ́ Mùsùlùmí tó ń lọ síbẹ̀ kò kéré.

Nígbà tí tákàbà oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá parí, opó tó wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì wá bá wa. Wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà. Lọ́yà tó lọ rí bèèrè owó tó ju ọjà inú ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Ẹnìkan ti wá júwe ìgbìmọ̀ Ṣàríà fún un. Ó bi wá pé, “Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ṣé wọ́n máa ń dá obìnrin láre níbẹ̀?” Ó dúró kí a dáhùn. A kò ní ìwé kankan tí a lè ṣí han án.