Ọ̀pá Ìwọ̀ Inú Ṣòkòtò

Ẹ̀yin náà ti ń rí àwọn tó ń kó ọ̀pá ìwọ̀ onírin àtijọ́ jọ, mi ò ní fi àlàyé pa yín.

Níbi ìkómọ kan níhìn-ín ní Connecticut, ẹ̀gbọ́n wa kan wọlé tòun ti agbádá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀ bí ẹni tí làkúrègbé ń bá jà. (Tẹ́lẹ̀, "wọ́n" ni mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n. Títí ara mi yóò fi rọlẹ̀, "ó" ni.) Gbogbo wa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ìyàwó mi ti ń tú báàgì, ó ń wá àbóníkí. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ jókòó, orúnkún kọ̀, kò tẹ̀. Ló bá ti ọwọ́ bọ ṣòkòtò lójú gbogbo èèyàn. Àwọn ìyá ìjọ bojú. Ó fa irin kan yọ. Ó tún fa irin mìíràn yọ nínú irin yẹn, ó tún fa òmíràn, títí ṣóńṣó rẹ̀ fi wọ abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù lórí tábìlì kejì.

"Bristol nìyí," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti bàbá tó ń fa ọmọbìnrin rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n yìn ọ̀pá ìwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bristol yìí ná. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Everett Horton, ará ìlú Bristol níbí náà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀ (patent) lórí rẹ̀ lọ́dún 1887: ọ̀pá irin oníhò tí ń wọnú ara wọn, tí okùn ìwọ̀ sì ń gba inú ihò náà dé orí. Bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, òfin ìpínlẹ̀ yìí kò gba ẹja pípa láàyè lọ́jọ́ Ìsinmi láyé ìgbà náà, ni Horton bá ṣe èyí tó lè kì bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kó lè gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lọ sódò. Ohun tí àlùfáà ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò Horton ló wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣì dúró nídìí ṣòkòtò yìí. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní kó wọlé wá kúnlẹ̀ ńkọ́? Bí eṣinṣin bá bà lé e ní itan, ṣé ó lè gbá a? Ìwọ̀ ńkọ́, ibo ló fi í sí? Mo gbà á ládùúrà pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan náà. Ekòló ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n wa tilẹ̀ ti bẹ télọ̀ pé kó rán àpò gígùn sínú kẹ̀ǹbẹ̀ òun méjì, ọ̀kan fún òde ìnáwó, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló wá ń lé e? Ó ti gba ìwé àṣẹ ìpẹja lọ́wọ́ ìjọba, ìwé náà wà lápò rẹ̀. Ẹni ọdún 68!

Irú ọ̀pá onírin bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá ló ní nílé. Ó ní Heddon, ó sì ní True Temper, tí ilé iṣẹ́ American Fork and Hoe ṣe ní Ohio. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: àwọn tó ń rọ fọ́ọ̀kì oko àti ọkọ́ ni. Bàbá rẹ̀ fún un ní ọkọ́ gidi ní Òkè-Igbó, ó sá fún un wá sí Amẹ́ríkà. Ó dé Amẹ́ríkà tán, ó ń fowó ra irin alágbẹ̀dẹ ọkọ́.

Àwọn òyìnbó tó ṣe é gan-an pa á tì. Bí ọ̀pá fáíbàgíláàsì ṣe dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n jù ú sí kọ̀rọ̀ gáréèjì, nítorí ó wúwo, ó sì ń dógùn-ún bí omi bá ti kàn án. Irin tí ń bẹ̀rù omi, òun ni wọ́n ní ká fi pẹja!

Ẹ má sì dán an wò pé ẹ fẹ́ nu ìpáàrà rẹ̀; lójú àwọn tó ń kó o jọ, òun gan-an ni ẹwà rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n fi sáńpépà ha ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ó rò pé oore lòun ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀gbọ́n kò fi fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tijú díẹ̀! Ọ̀pá tí ẹ kò mọ bàbá ẹni tó ni ín, ẹ ń fi aṣọ àrán wé e. Ẹja tí ẹ bá sì fi pa, ẹ ó yà á ní fọ́tò, ẹ ó dá a padà sómi, ẹ ó wá wá jẹ ẹran nílé mi.

Ọparun la fi ń dẹ ìwọ̀ lódò Ògùn nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ábẹ́òkúta. Abẹ́rẹ́ tí a tẹ̀ ni ìwọ̀, òwú ìránṣọ ni okùn. Àrọ̀ tí a bá mú, ọbẹ̀ ìyá mi ló ń lọ tààrà. Kò sí ẹni tó ki ọ̀pá bọ ṣòkòtò. Ṣòkòtò wo? Ìhòòhò la wà.

Ẹ ó ní inú ló ń bí mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan tó fi gbé gbogbo wa lọ síléèwé. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, àbúrò mi tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri, ó ní ó ti dógùn-ún. Owó tó gbà kò tó káàdì tó fi pè mí láti sọ ọ́. Mo ro ẹjọ́ yìí fún ẹ̀gbọ́n níbi ìkómọ yẹn. Ó mi orí, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Raleigh! Ṣé ìpáàrà rẹ̀ dọ́gba yíká?" Díẹ̀ ló kù kí n gba Bristol lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fi nà án.

Mo pe àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní agogo kẹ̀kẹ́ náà nìkan ló kù, ọmọ òun fi ń bu iyanrìn ṣeré. Mo ní kó gbà á lọ́wọ́ ọmọ kíá, kó fi aṣọ wé e. Ó ní ṣé kí òun kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ariwo tí mo pa mọ́ ọn, ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná.