Àtúnṣe: Kúbà ni wọ́n ti dá ijó cha-cha-chá sílẹ̀

Wọ́n ń pín in kiri pé àwọn olùkọ́ ijó ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá cha-cha-chá sílẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n kàn ń fi í kọ́ni níbẹ̀ ni.

Havana, ní Kúbà, ni wọ́n bí i sí. Enrique Jorrín, tó ń ta violin nínú ẹgbẹ́ Orquesta América, rí i pé ìlù danzón-mambo, irú orin ijó Kúbà kan, ń da ẹsẹ̀ àwọn oníjó rú. Ló bá ṣe orin tó rọrùn láti tẹ̀lé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ìró bàtà tó ń fa ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló di orúkọ. Ó dùn mí bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ ọkùnrin yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fẹ́ kọ́ ọ? Ìṣísẹ̀ méjì jẹ́jẹ́, mẹ́ta kíákíá. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè jù. Ẹ jẹ́ kí bàtà máa fa ilẹ̀.