Ta ló ní gíláàsì kò ṣeé gbẹ́?

Àbúrò mi ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa: ìṣù gíláàsì aláwọ̀ aró, ojú èèyàn wà lára rẹ̀, imú, ètè, ìpéǹpéjú, gbogbo rẹ̀ jinlẹ̀ wọnú. Kíá ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní kọ̀ǹpútà ló yà á. Bọ̀dá wa tó ń gbé ní Mọ́kọ́lá ní inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n dà á sí. Ibi tí ẹnu wọn ti kò ni pé gíláàsì kò ṣeé gbẹ́, pé àfọ́kù ni èèyàn máa kó.

Ọ̀rọ̀ “gbẹ́” ló ń tàn wá jẹ. Bí a bá ti gbọ́ ọ, igi ló ń wá sí wa lọ́kàn, àti àáké. Igi ní ìlà inú tí ọ̀bẹ ń tọ̀. Gíláàsì ò ní. Bó bá ti sán níbì kan, kò sí ohun tó máa dá sísán náà dúró. Ẹni tó bá sọ irin lù ú á fọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń gbẹ́ gíláàsì kì í sọ irin lù ú. Wọ́n ń pọ́n ọn ni, bí alápatà ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé ní Ìbàdàn níbí. Bí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á gbé etí rẹ̀ sára òkúta tó ń yí, omi á máa ta sí i kó má baà gbóná, títí etí mímú náà á fi dán. Ẹrẹ̀ funfun tó ń ṣàn sílẹ̀ yẹn, gíláàsì ni. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá gíláàsì ṣeé gbẹ́. Ó ní, “Rárá o, mà.” Kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó bá le ju gíláàsì ló ń jẹ ẹ́. Lórí òdiwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó láti 1 dé 10, gíláàsì wà ní nǹkan bí 5.5, quartz, ìyẹn òkúta líle inú iyanrìn, wà ní 7, dáyámọ́ńdì wà ní 10. Òkúta lántánà táwọn ará Ìlọrin ń lu, tí wọ́n ń dán fún ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́, le ju gíláàsì lọ, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní 1870, Benjamin Tilghman ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ (patent) lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fẹ́ iyanrìn lu ohun líle bíi gíláàsì. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń ya àgbélébùú sára ilẹ̀kùn gíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì (àyàfi èyí tó jẹ́ sítíkà, wọ́n sì pọ̀).

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Portland Vase, ìkòkò gíláàsì tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará Róòmù ló ṣe é ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn: gíláàsì funfun lórí aláwọ̀ aró, wọ́n wá ha funfun kúrò títí aró fi yọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá. Ọdún mẹ́ta ni John Northwood, oníṣẹ́ gíláàsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó parí rẹ̀ ní 1876. Láyé tiwa, Jiří Harcuba, ọmọ ilẹ̀ Czech tó kú ní 2013, fi àgbá kékeré tó ń yí fín ojú èèyàn sára gíláàsì.

Ibì kan wà tí mo ti gbà fún àwọn ẹbí mi. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò ṣeé fín. Wọ́n mú un gbóná, wọ́n sì fi atẹ́gùn tutù pa á lójijì, inú rẹ̀ wá ń fà, ara rẹ̀ ń tì. Bí nǹkan bá ha á jinlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú yángá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ ọnà fi ń jẹ́ kí tirẹ̀ tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ààrò, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kó tó pọ́n ọn. Ti ọkọ̀ Bọ̀dá Mọ́kọ́lá tú báyìí lójú ọ̀nà Ìwó lọ́dún tó kọjá. A ṣì ń rí wóró rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó.