Ẹ má gbàgbé Múdà Lawal

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ nípa IICC Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà (Cup Winners' Cup) ní 1976. Ṣùgbọ́n ẹ yin Ṣẹ́gun Ọdẹgbàmí títí, ẹ ò dárúkọ Múdà Lawal tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ náà! Ó dùn mí. Àárín pápá, tirẹ̀ ni. Òun náà ló gbá góòlù kẹta Nàìjíríà sáwọ̀n Algeria ní àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní 1980, lẹ́yìn méjì tí Ọdẹgbàmí gbá wọlé.

Fọ́tò ẹgbẹ́ Shooting Stars yẹn tí bàbá mi gé nínú ìwé ìròyìn ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wa, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí bàbá mi bá ń sọ ìtàn náà, tí wọ́n dé orí bí Shooting Stars ṣe na Tonnerre Yaoundé ti Cameroon, ẹgbẹ́ Roger Milla nígbà náà, 4-1 ní Ìbàdàn nínú àṣekágbá 1976, wọ́n á dìde dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán Múdà kún ohun tí ẹ kọ.